Ọmọ Tí A Fi Yáwó: Gbèsè, Ilé-Ìwé àti Ìṣẹ́ Àjogúnbá ní Ilẹ̀ Yorùbá

Orí-ọ̀rọ̀ tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí gbé lé mi lọ́wọ́ ni ìṣẹ́ tí í máa ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, àti ọ̀nà tí ìdílé tálákà lè gbà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bóyá onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni ì bá tọ́ kó dúró síhìn-ín. Òpìtàn ni èmi, ohun tí òpìtàn sì lè ṣe kò ju kó bèèrè pé: báwo ni àwọn tó ṣáájú wa ṣe kó sínú rẹ̀, àwọn wo ló jáde, kí ló sì mú wọn jáde?

Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó kọ́ ìwé Yorùbá nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ewì tí J. F. Ọdúnjọ fi sínú Aláwìíyé nípa iṣẹ́ ṣíṣe. Ewì rere ni, ó sì ti mú ọ̀pọ̀ ọmọ tẹpá mọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e síwájú ìtàn, ìtàn yóò bi í ní ìbéèrè kan tó ṣòro: bí ó bá ṣe pé iṣẹ́ nìkan ní ń lé òṣì lọ, èé ṣe tí ìwọ̀fà kò fi là? Yàtọ̀ sí ẹrú, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ tó ìwọ̀fà nílẹ̀ Yorùbá láyé àtijọ́. Kò sì sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ mú èrè wá fún un tó kéré tó ti ìwọ̀fà.

Èrò tí mo mú wá síwájú yín nìyí. A kì í jogún ìṣẹ́ bí ẹni jogún ojú tàbí ìrìn. Gbèsè ni à ń jogún. Ohun tó sì ń gbé gbèsè láti ìran kan dé èkejì ni àkókò ọmọ. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìdílé kan yóò jáde nínú ìṣẹ́, n kò ní kọ́kọ́ bèèrè iye owó tó wà lọ́wọ́ bàbá. Ohun tí n óò bèèrè ni pé: ta ló ni òwúrọ̀ ọmọ rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wo ìwọ̀fà dáadáa, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa mọ orúkọ náà láìmọ bí ó ti rí. Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 1897, tó kú ní 1901, tí a kò sì tẹ ìwé náà jáde títí di 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Òótọ́ ló sọ. Ìwọ̀fà ní ilé bàbá rẹ̀, ó ní orílẹ̀, a kò lè tà á, ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. N. A. Fádípẹ̀ àti àwọn tó kọ̀wé lẹ́yìn rẹ̀ náà sọ bẹ́ẹ̀, E. Adéníyì Oroge kọ àpilẹ̀kọ gúnmọ́ kan lórí ìwọ̀fà nìkan ní 1985. Ṣùgbọ́n mo rò pé àwa òpìtàn ti fi àkókò púpọ̀ jù ṣe àríyànjiyàn lórí bóyá ìwọ̀fà jẹ́ ẹrú tàbí kò jẹ́ ẹrú, débi pé a kò fi ojú sí ìṣirò owó náà. Nínú ìṣirò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Bàbá kan nílò owó. Ó tọ olówó lọ, ó yá òkè owó ẹyọ mélòó kan. Dípò èlé, ó fi ara rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ láti máa sìngbà. Àgbàlagbà tó jẹ́ ìwọ̀fà lè máa gbé ilé ara rẹ̀. Yóò lọ sí oko olówó ní òwúrọ̀, yóò ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ tí wọ́n ti fẹnu kò sí, bí ọ̀sán bá sì pọ́n, yóò dé oko tirẹ̀ pẹ̀lú agbára tó kù sí i lára. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ilé olówó ni ọmọdé ń gbé, òwúrọ̀ rẹ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ ti olówó ni. Gbogbo iṣẹ́ yìí, èlé lásán ni. Kò sí èyí tó kan ojú owó. Bí ìwọ̀fà sìngbà ọdún kan, ojú owó kò dín ní ẹyọ kan. Bí ó sìngbà ogún ọdún, ojú owó wà bí ó ti wà lọ́jọ́ tí wọ́n kà á sílẹ̀. Bí ọmọ bá sá, onígbọ̀wọ́ ni wọn óò dì mú. Bí bàbá bá kú, gbèsè kò bá a wọ sàréè. Ọmọ tó ń sìngbà lọ́wọ́ ni yóò tún wá owó náà, òun tí kò ní àkókò tí yóò fi wá a.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí ìdè náà wà. Kì í ṣe ìkà olówó nìkan ló so ó, nítorí àwọn olówó kan ṣe ènìyàn, wọ́n sì fún ìwọ̀fà wọn ní oúnjẹ àti aṣọ. Ohun tó so ó ni pé òwúrọ̀ ni à ń fi ṣiṣẹ́ oko, òwúrọ̀ kan náà sì ni èlé. Ìwọ̀fà ń fi ohun kan ṣoṣo tí ì bá fi san gbèsè san èlé gbèsè.

Ti ọmọbìnrin ní ìyàtọ̀ tirẹ̀. Bí olówó tàbí ọmọ olówó bá fi ìwọ̀fà obìnrin ṣe aya, a máa ń ka ojú owó sí ìdána, gbèsè sì parí. Àwọn òǹkọ̀wé kan sọ èyí bí ẹni pé àánú ni. Èmi kò lè pè é ní àánú. Gbèsè bàbá parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdílé ọmọ náà kò rí nǹkan kan gbà lórí ìgbéyàwó ọmọ wọn, ọmọ fúnra rẹ̀ kò sì ní ẹnu púpọ̀ láti fi sọ pé òun kọ̀.

Kí ló ń mú ènìyàn yá irú owó bẹ́ẹ̀? Kì í sábà jẹ́ ìnákúnàá. Òkú ni, nítorí òkú àgbà kì í dúró de ìgbà tí owó bá wà. Àìsàn àti ẹbọ ni, owó ìdájọ́ ni, ìyàwó gbígbé ni. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìràpadà tún kún un. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, títí di 1893 tí àwọn ọmọ ogun Kírìjì túká, kò sí ọdún tí a kò kó ènìyàn lẹ́rú níbì kan. Ìdílé tó bá gbọ́ pé ènìyàn wọn wà ní ibùdó ogun báyìí-báyìí ní láti wá owó kíákíá kí wọ́n tó tà á sí ìsàlẹ̀ òkun. Ọ̀pọ̀ ìdílé fi ọmọ kan yáwó láti ra ọmọ mìíràn padà.

Onígbèsè tó bá sì ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la ń retí ológò. Ológò ni ẹni tí olówó bá rán láti lọ dógò ti onígbèsè: yóò jókòó sí ojúlé rẹ̀, yóò máa bú u kíkankíkan kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, yóò máa mú adìẹ tó bá kọjá níwájú rẹ̀ pa jẹ, ìbáà ṣe ti aládùúgbò. Ìtìjú ni ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀. Mo rántí ológò nígbà tí mo gbọ́ nípa àwọn ayánilówó orí fóònù ayé ìsinsìnyí, tí wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bú onígbèsè ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù rẹ̀. Adìẹ nìkan ni wọn kò mú.

Àwọn baba wa kò jókòó kí wọ́n máa wo èyí. Wọ́n ní èésú, èyí tí William Bascom kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní 1952: ẹgbẹ́ ń dá iye kan náà, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń kó o nígbà tó bá kàn án, kò sí èlé, kò sí ìwọ̀fà. Ó lágbára débi pé ó bá àwọn ènìyàn wa sọdá òkun. Ní Trinidad, susu ni wọ́n ń pè é títí di òní. Síbẹ̀ èésú ní ààlà. Ẹni tó ní nǹkan díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni èésú ń gbà là. Ẹni tí òwúrọ̀ rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ olówó kò ní ohun tí yóò dá.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó fìdí múlẹ̀, ohun méjì dé tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà, owó orí àti kókó. Owó orí kò gba ẹyọ, kò gba iṣu, ṣílè ló ń gbà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918 tí a ń pè ní Ogun Àdùbí. Ẹni tí kò ní ṣílè yá a. Kókó ní tirẹ̀ mú ṣílè wá, ṣùgbọ́n igi kókó kì í so lọ́dún tí a gbìn ín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àgbẹ̀ fi ń roko láìká nǹkan kan. Ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ láàárín àkókò yẹn? Sara Berry, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1975 lórí kókó nílẹ̀ Yorùbá, fi hàn pé ìwọ̀fà wà lára ọ̀nà tí àwọn tó kọ́kọ́ gbin kókó gbà rí òṣìṣẹ́ àti owó ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ kó wọ̀ wá lọ́kàn. Lára àwọn oko tí ìdílé ọlọ́lá fi ń yangàn ní ìgbèríko wa, ọmọ tálákà ló gbin igi rẹ̀, ọmọ olówó ló jogún rẹ̀.

Láàárín 1920 sí 1940 ìjọba òyìnbó fi òfin de fífi ọmọ yáwó, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ìfòyà, nítorí wọn kò fẹ́ bínú àwọn ọba àti ìjòyè tí wọ́n ń bá ṣèjọba. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ó mú ìwọ̀fà kúrò, kò mú ìṣirò rẹ̀ kúrò. Dípò ọmọ, àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi kókó dúró. Olówó ń ká kókó lórí igi náà lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí èlé, ojú owó sì wà bí ó ti wà. Nígbà tí Galletti, Baldwin àti Dínà ṣe ìwádìí láàárín àwọn àgbẹ̀ kókó ní 1951 sí 1952, tí ìwé wọn sì jáde ní 1956, gbèsè wà káàkiri. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ti ṣogúndogójì wà, ẹni tó fún ọ ní ogún, tí yóò gba ogójì. Orúkọ rẹ̀ ti sọ gbogbo ìtàn rẹ̀.

Nísinsìnyí, mo dé 17 January 1955.

A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ọjọ́ yẹn gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìṣèlú. Ẹ̀yin mọ̀ pé S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé àbá náà síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní 1952, àti pé ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló mú un ṣẹ. Ọdúnjọ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wà lára àwọn mínísítà ìjọba náà, ohun tí mo máa ń fẹ́ràn láti rán àwọn tó ń ka ewì rẹ̀ létí. Ní 1954, ọmọ 456,600 ló wà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ní 1955, wọ́n di 811,432. Láàárín ọdún kan ṣoṣo!

Mo fẹ́ kí a wo iye náà lọ́nà mìíràn. Ju 350,000 òwúrọ̀ lọ ló kúrò lóko, ló kúrò lọ́jà, ló kúrò lẹ́yìn màlúù àti nídìí àwo ẹ̀kọ, tó wọ kíláàsì. Kí ọjọ́ náà tó dé, bàbá tó ní ọmọ márùn-ún tí owó rẹ̀ kò tó ní láti yan ọ̀kan, ọkùnrin ni ó sì sábà máa ń yàn. Nígbà tí owó ilé-ìwé kúrò, ìdí kan pàtàkì tí wọ́n fi ń dá ọmọbìnrin dúró sílé kúrò pẹ̀lú. Èyí nìkan ì bá tó láti mú kí n bọ̀wọ̀ fún ètò náà.

Àmọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ta ló sanwó? Ìjọba ní kí àgbàlagbà san 10s. 6d. fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn bínú, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ibì kan, ẹgbẹ́ Alákùkọ sì fi ẹ̀yìn Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ balẹ̀ nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Ìyẹn ni èyí tí ojú rí. Èyí tí ojú kò rí ni ti kókó. Láti 1947 ni àjọ tó ń ra kókó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti ń sanwó tó kéré sí iye tí wọ́n ń tà á lókè òkun. Ní 1954 àjọ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ sì di owó ìdàgbàsókè. Àgbẹ̀ tó rò pé ìjọba ń fi ẹ̀kọ́ ta ọmọ òun lọ́rẹ ti san owó náà lórí ìwọ̀n kókó. Ó tún pàdánù ọwọ́ ọmọ rẹ̀ lóko, ó sì ní láti gba alágbàṣe. N kò sọ èyí láti bu ètò náà kù. Mo sọ ọ́ kí a lè mọ̀ pé àwọn tálákà kò jókòó kí ẹnìkan wá yọ wọ́n. Àwọn fúnra wọn ló ra òwúrọ̀ àwọn ọmọ wọn padà.

Ohun tó dun àwọn ènìyàn ni pé àkàbà náà kò gùn. Àwọn ọmọ tó wọlé ní 1955 parí ìwé mẹ́fà ní ìparí 1960. Mọ́dáàn ń gba owó. Girama ń gba owó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé mẹ́fà tí ó sọ bàbá àwọn ẹlòmíràn di akọ̀wé ní 1930 kò sọ ẹnikẹ́ni di nǹkan kan mọ́ ní 1961. Archibald Callaway kọ̀wé lórí àwọn ọmọ wọ̀nyí ní Ìbàdàn, àwọn tó jáde ilé-ìwé tí kò rí iṣẹ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ rí i, ó sì yan ìgbìmọ̀ Banjo láti yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò ní òpin 1960. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ lè san owó girama kọjá. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kò lè san án padà sóko tí kò fẹ́ ṣe mọ́. Mo gbà pé ìbínú àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969, nígbà tí wọ́n ní òkè mẹ́fà, ìyẹn 30 ṣílè, ni àwọn yóò san, kì í ṣe ìbínú owó orí nìkan. Àwọn ni bàbá tó ti sanwó lórí kókó láti ọjọ́ yìí, tí wọ́n ń wo ọmọ tó gba ìwé-ẹ̀rí tó jókòó sílé.

Síbẹ̀ àwọn ìdílé kan jáde. Báwo? Nínú ìwé Berry mìíràn, èyí tó jáde ní 1985, ó kọ nípa àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn, àti nípa àwọn mẹkáníìkì Ilé-Ifẹ̀. Mo ka orí tó kan àwọn mẹkáníìkì yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí pé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló jọ ìwọ̀fà jù lọ nínú gbogbo ohun tó kù nílẹ̀ wa. Ọmọ ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, ó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, ó ń fọ mọ́tò, ó ń gbé ọmọ ìyàwó ọ̀gá. Kí ló yà á sọ́tọ̀? Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù ni. Àdéhùn náà ní òpin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá sì lò ń dín in kù.

Ọ̀nà kejì ni ti ẹ̀gbọ́n tó rán àbúrò níwèé. Ìdílé kó owó jọ sórí ọmọ kan, ọmọ náà di olùkọ́ tàbí akọ̀wé, owó oṣù rẹ̀ sì di owó ilé-ìwé àwọn tó tẹ̀lé e. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wà ní gbọ̀ngàn yìí, owó oṣù ẹnìkan báyìí ló gbé wa dé ibí. Àwọn ọ̀dọ́ òde òní ń ráhùn pé ẹrù náà wúwo ju, wọ́n ní ìwọ̀fà ni àwọn jẹ́ fún ìdílé. Mo gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn lórí orúkọ náà. Àbúrò tó bá parí ti kúrò nínú ìṣirò, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n gbé e. Ojú owó ń dín. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti burú ni ilé tí àbúrò ti parí tí kò rí iṣẹ́, tí ẹ̀gbọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí.

N kò ní pẹ́ lórí ohun tó tẹ̀lé e. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri orílẹ̀-èdè ní 1976. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹgbẹ́ UPN ṣèjọba lé lórí láti 1979 mú un dé girama. Àwọn ológun gbàjọba ní 31 December 1983, owó oríṣiríṣi sì padà wọlé. Ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ti 1986 sọ náírà di yẹpẹrẹ. 1999 ni wọ́n tún kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, 2004 ló di òfin. Láàárín gbogbo èyí, ọmọ ọ̀dọ̀ kò kúrò nílé wa. Òbí rẹ̀ wà ní abúlé, alágbàtà gba owó, ọmọ ń fọ abọ́ nígbà tí ọmọ onílé ń wọ bàtà ilé-ìwé. A kò pè é ní ìwọ̀fà mọ́.

Èyí tó kẹ́yìn tí mo fẹ́ kí a wò ni òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Ní 2023, Ààrẹ fọwọ́ sí òfin kan pé kí ọmọ tálákà lè yáwó láìsí èlé láti fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Mo kà á, mo sì dúró lórí ibì kan nínú rẹ̀. Òfin náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú onígbọ̀wọ́ méjì wá. Ó tún ní bí òbí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yáwó rí tí kò san án, ọmọ náà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó. Ẹ̀yin ènìyàn mi, nínú òfin tí a kọ kí ọmọ lè bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́ bàbá rẹ̀, gbèsè bàbá ni a fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ní 2024 ni wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ gbèsè òbí kúrò. Ẹni tó yáwó kò ní í bẹ̀rẹ̀ sí san án títí di ọdún méjì lẹ́yìn ìsìnrú-ìlú, ìdá mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni wọn óò sì máa yọ, bí ó bá ti rí iṣẹ́. Gbogbo náírà tó bá san yóò wọ ojú owó. Mo ka èyí sí ohun ńlá, mo sì rò pé kò sí ìwọ̀fà kan tí kì bá tí yọ̀ sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ni ẹ̀yáwó náà dúró sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó ń gbé igbá kiri ọjà ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ ilé-ìwé kò tíì bá wọn débẹ̀.